Ọmọ tí omi dá sí kò gbàgbé

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá lórí èdè wa. Bí oṣù Kẹrin bá ti ń wọlé lọ́dọọdún, ìtàn Titanic, ọkọ̀ òkun ńlá tó rì lọ́dún 1912, a tún gbòde nínú ìwé ìròyìn àti lórí rédíò. Àwọn olówó inú rẹ̀ ni wọ́n máa ń sọ, àti àwọn olórin tí wọn ò gbé ohun èlò wọn sílẹ̀ títí omi fi bò wọ́n. Bó bá kan àwọn ọmọdé, gbólóhùn méjì péré ni wọ́n fi ń parí ọ̀rọ̀ wọn: "Orí ló yọ wọ́n," àti "Ọmọdé ni wọ́n, wọ́n á ti gbàgbé." Ti àkọ́kọ́ kò tó. Ti èkejì kì í ṣe òótọ́ rárá, ó sì ń ṣe àwọn ọmọ tó wà láyé lónìí níbi. Ìdí nìyí tí mo fi kọ lẹ́tà yìí, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ fàyè gbà á bó tilẹ̀ gùn.

Ọmọ kan wà tí a lè tọpa ìgbésí ayé rẹ̀ láti ọjọ́ tó wọ ọkọ̀ náà títí dé ọjọ́ tí wọ́n da eérú rẹ̀ sójú òkun. Frank Goldsmith ni orúkọ rẹ̀. Frankie ni wọ́n ń pè é nílé. Wọ́n bí i ní 19 oṣù Kejìlá 1902 ní Strood, ìlú kan létí odò Medway ní Kent, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Frank náà ni bàbá rẹ̀ ń jẹ́, oníṣẹ́ irin tó ń fi ẹ̀rọ ṣe irinṣẹ́. Emily ni ìyá rẹ̀. Frankie ní àbúrò kan, Bertie, tí àrùn diphtheria pa nígbà tí ọdún 1911 ń parí lọ. Àrùn yìí máa ń ta awọ nípọn sí ọmọdé lọ́nà ọ̀fun títí èémí á fi dí. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tí à ń gbà fún un lónìí kò tíì sí nígbà náà. Àwọn ẹbí Emily ti ṣáájú lọ sí Detroit, ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ mọ́tò ti ń wá oníṣẹ́ irin lójú méjèèjì. Tọkọtaya náà pinnu láti lọ bá wọn.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí. Àwọn tó ń sọ ìtàn ọkọ̀ yìí kì í fẹ́ pe àwọn èèyàn wọ̀nyí ní aṣíkiri, bẹ́ẹ̀ aṣíkiri ni wọ́n. Kíláàsì kẹta Titanic kún fún àwọn tó ti kó gbogbo ohun tí wọ́n ní sínú àpótí kan tàbí méjì: ará Gẹ̀ẹ́sì, ará Ireland, ará Sweden, ará Finland, ará Lẹ́bánónì, ará Bulgaria. Iṣẹ́ ni wọ́n ń wá lọ. Púpọ̀ nínú wọn ní ẹbí tó ti ṣáájú, tó sì ti kọ lẹ́tà sílé pé ibẹ̀ dára. Ohun kan náà ló ń gbé àwọn ọmọ wa gba Agadez ní Niger dé Tripoli ní Líbíà. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má kà á sí ìtàn òyìnbó tí kò kàn wá.

Ní 10 oṣù Kẹrin 1912 ni wọ́n wọkọ̀ ní Southampton. Àwọn márùn-ún ni: bàbá, ìyá, Frankie ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, Thomas Theobald tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ilé wọn, àti Alfred Rush, ọmọkùnrin kan tí àwọn ẹbí rẹ̀ fi lé wọn lọ́wọ́. Rush pé ọmọ ọdún 16 ní 14 oṣù Kẹrin, ọjọ́ náà gan-an tí ọkọ̀ kọlu òkìtì yìnyín. Ọjọ́ mẹ́rin tí wọ́n lò lójú omi dùn mọ́ Frankie. Òun àtàwọn ọmọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gun irin tí wọ́n fi ń gbé ẹrù wọ ọkọ̀, wọ́n sì ń yọjú wo ìsàlẹ̀, níbi tí àwọn adáná ti ń kó èédú síná, tí wọ́n ń kọrin, tí wọ́n sì ń fi ṣọ́bìrì lu irin bí ẹni ń lu agogo. Ẹ fi àwọn adáná yìí sọ́kàn, a máa padà bá wọn.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ orí. Mo gbà pé orí ń gbeni. Ṣùgbọ́n orí kì í bọ́ sójú omi fúnra rẹ̀ wá fa ọmọ lọ́wọ́. Ọwọ́ èèyàn ló ń lò, àti igi, àti okùn, àti òfin tí àwọn kan jókòó kọ. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, bí ọkọ̀ ṣe tóbi tó ló ń wò, kì í ka iye èèyàn inú rẹ̀. Ọkọ̀ tó bá ti kọjá tọ́ọ̀nù 10,000, ọkọ̀ agbẹ̀mílà 16 ti tó o lójú òfin. Titanic lé ní tọ́ọ̀nù 46,000. Ogún ni wọ́n gbé sórí rẹ̀, mẹ́rin lé sí ohun tí òfin béèrè. Gbogbo ogún náà lápapọ̀, èèyàn 1,178 ló lè gbà. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ tó nǹkan bí 2,200. Bí wọ́n bá tiẹ̀ kún dẹ́múdẹ́mú, bí ẹgbẹ̀rún èèyàn ni kò ní rí àyè. Wọn ò sì kún. Àwọn òṣìṣẹ́ kan ń bẹ̀rù pé okùn tàbí ara ọkọ̀ kékeré náà kò ní lè gbé èèyàn tó kún inú rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń sọ ọ́ kalẹ̀. Àwọn èrò fúnra wọn kò gbà pé ọkọ̀ tó ṣì ń tan iná yòò lè rì. Ẹnikẹ́ni kò sì kó èrò jọ rí láti fi hàn wọ́n ibi tí oníkálukú yóò dúró sí bí ewu bá dé. Àwọn tó là kò ju nǹkan bí 705 sí 712 lọ.

Ọkọ̀ kọlu yìnyín ní aago 11:40 alẹ́. Ó rì ní aago 2:20 òru. Ọkọ̀ agbẹ̀mílà tó gbé Frankie kúrò lọ ní nǹkan bí aago méjì, nígbà tó ku bí ogún ìṣẹ́jú. Collapsible C ni wọ́n ń pè é. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ igi pẹrẹsẹ. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ aṣọ nínípọn bíi tapólì, tí wọ́n máa ń ká sílẹ̀ kó má baà gba àyè, tí wọ́n á sì fà sókè kí wọ́n tó lò ó. Èèyàn 47 ló lè gbà. Orí ilẹ̀ ọkọ̀ ni wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí, kò ní apá irin tirẹ̀ tí wọ́n fi máa sọ ọ́ kalẹ̀. Apá irin ọkọ̀ agbẹ̀mílà kìíní ni wọ́n ní láti dúró dè. Nígbà tí ọkọ̀ kìíní ti lọ, wọ́n ní láti fa okùn rẹ̀ padà sókè, kí wọ́n yí apá irin méjèèjì wọlé, kí wọ́n gbé C sábẹ́ rẹ̀, kí wọ́n na ẹ̀gbẹ́ aṣọ rẹ̀ sókè, kí wọ́n so okùn mọ́ ọn níwájú àti lẹ́yìn, kí wọ́n tó lè tún yí apá irin náà síta. Gbogbo rẹ̀ lóru, lórí ọkọ̀ tó ti ń dorí kọ omi.

Àwọn méjìlá péré ni wọ́n jókòó sínú ọkọ̀ kìíní tó kọ́kọ́ lo apá irin yẹn, bẹ́ẹ̀ èèyàn 40 ló lè gbà. Àyè 28 ló lọ lófìfo láti ibi kan náà tí bàbá Frankie wá dúró sí lẹ́yìn náà tí kò rí àyè.

Àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ di ara wọn lápá mú, wọ́n fi ara wọn ṣe ọgbà yí Collapsible C ká, obìnrin àti ọmọdé nìkan ni wọ́n ń jẹ́ kó kọjá. Bàbá Frankie gbá ìyàwó rẹ̀ mọ́ra. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó ní, "Ó dàbọ̀, Frankie, a ó ríra tó bá yá." Theobald bọ́ òrùka ìgbéyàwó ọwọ́ rẹ̀, ó fi lé Emily lọ́wọ́ pé bí àwọn kò bá ríra mọ́, kó bá òun fi fún ìyàwó òun. Alfred Rush kéré ní ìrísí, òṣìṣẹ́ kan sì di í mú láti fà á kọjá pẹ̀lú àwọn ọmọdé. Ó já ara rẹ̀ gbà, ó ní òun á dúró ti àwọn ọkùnrin. Kò tíì ju bí ọjọ́ kan lọ tó pé ọmọ ọdún 16. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni omi gbé lọ.

Sísọ ọkọ̀ náà kalẹ̀ fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àwọn tó wà nínú rẹ̀. Titanic ti fì sí apá òsì, C sì wà lápá ọ̀tún. Bí ọkọ̀ ńlá bá fì sí òdìkejì báyìí, ọkọ̀ kékeré kì í rọ̀ sínú afẹ́fẹ́ mọ́, ara irin ọkọ̀ ńlá ni yóò máa rá wálẹ̀. Orí àwọn ìṣó irin tó yọ síta lára Titanic ń kọ́ etí Collapsible C. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá há, tí okùn ẹ̀gbẹ́ kejì sì ń lọ, gbogbo wọn á dà sómi. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ fi àtẹ́lẹwọ́ àti àjẹ̀ ti ara irin náà, wọ́n ń tì í, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, títí wọ́n fi kan omi. Atukọ̀ kan tó ń jẹ́ George Rowe ni wọ́n fi ṣe olórí rẹ̀. J. Bruce Ismay, tó jẹ́ ọ̀gá ilé iṣẹ́ tó ni Titanic, wà nínú ọkọ̀ yẹn pẹ̀lú, ó sì jìyà ọ̀rọ̀ ẹnu ayé lórí rẹ̀ títí ó fi kú.

Kí ló dé tí àyè nínú ọkọ̀ fi ju ohun gbogbo lọ? Láìfù jákẹ́ẹ̀tì pọ̀ nínú Titanic ju iye èèyàn tó wà níbẹ̀ lọ. Èyí tó kún fún kọ́ọ̀kì ni, kò sì jẹ́ kí èèyàn rì. Òtútù ló pa wọ́n. Omi náà wà ní nǹkan bí −2°C, ó tutù ju yìnyín inú fíríìjì wa tó ń yọ́ lọ; iyọ̀ inú òkun nìkan ni kò jẹ́ kó dì. Ẹni tó bá já sínú irú omi bẹ́ẹ̀, ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ni èémí á máa já a gbà, á máa mí hẹlẹhẹlẹ láìlè dá a dúró. Bí orí rẹ̀ bá wà lábẹ́ omi ní àsìkò yẹn, omi ló máa mí sínú. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìka àti apá á kú tipiri, kò ní lè di okùn mú mọ́, bó ti wù kó mọ̀wẹ̀ tó. Láàárín wákàtí kan, iyè rẹ̀ á lọ. Ti ọmọdé yá ju ti àgbà lọ, nítorí pé ara rẹ̀ kéré, ọ̀rá abẹ́ awọ rẹ̀ kò pọ̀, ooru inú rẹ̀ sì ń tètè jáde. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé "ó mọ̀wẹ̀" kì í ṣe ààbò lójú òkun títutù.

Ìwádìí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe lọ́dún náà ka ọmọdé 109 nínú ọkọ̀ yẹn. Mẹ́fà ni ti kíláàsì kìíní, 24 ni ti kíláàsì kejì, 79 ni ti kíláàsì kẹta. Nínú àwọn 79 yìí, 27 péré ló là. Àwọn 52 tó kù kú. Orí àwọn 52 náà kò burú ju ti Frankie lọ. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n sùn sí, nísàlẹ̀ iwájú àti nísàlẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀. Àwọn ọ̀nà àbákọjá tó gùn tó sì lọ́ bí ìfun ló já sókè síbi tí ọkọ̀ agbẹ̀mílà wà. Ìlẹ̀kùn onírin wà láàárín wọn àti àwọn kíláàsì tó kù nítorí òfin aṣíkiri Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń pàṣẹ. Ohun tó yọ Frankie ni pé bàbá rẹ̀ kó wọn jáde, ó sì wá ọ̀nà dé iwájú ọkọ̀ nígbà tí àyè ṣì wà. Ọwọ́ bàbá rẹ̀ ni orí lò.

Nígbà tí ọkọ̀ rì tán, àwọn tó wà nínú Collapsible C gbọ́ igbe. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn ló wà nínú omi tó ń ké lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dákẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ọkọ̀ tó wá kó wọn ni Carpathia, Arthur Rostron ni ọ̀gákọ̀ rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba ẹni tí omi fẹ́ gbé, kó kọ́ ọ lọ́dọ̀ ọkùnrin yìí. Ó jìnnà tó máìlì 58 nígbà tí wọ́n jí i pé Titanic ń ké fún ìrànlọ́wọ́. Kó tó débẹ̀, ó ti pa ooru inú yàrá àwọn èrò kí gbogbo agbára ooru náà lè lọ sínú ẹ̀rọ. Ó pín dókítà mẹ́ta tó wà nínú ọkọ̀ rẹ̀ sí yàrá ìjẹun mẹ́ta. Ará Gẹ̀ẹ́sì kan, ará Ítálì kan, ará Hungary kan, nítorí pé àwọn aṣíkiri láti Ítálì àti ilẹ̀ Hungary ni ọkọ̀ rẹ̀ sábà máa ń gbé. Ó ní kí wọ́n se ọbẹ̀ olómi, kọfí àti tíì, kí wọ́n kó bùláńkẹ́ẹ̀tì sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní kí wọ́n so àga mọ́ okùn fún àwọn tí kò lè gun àkàbà. Fún àwọn ọmọdé, ó ní kí wọ́n kó àpò aṣọ líle tí wọ́n fi ń kó eérú iná jáde wá. Inú àpò eérú ni wọ́n ń gbé ọmọ sí, wọ́n á fún ẹnu rẹ̀, wọ́n á sì fà á sókè. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ ti kú tipiri lórí àkàbà á já bọ́ láàárín ọkọ̀ kékeré àti ọkọ̀ ńlá. Ọmọ tó wà nínú àpò kò lè já bọ́. Rostron rò ó kó tó rí ọmọ kankan.

Nínú Carpathia, Emily kò jókòó ṣọ̀fọ̀. Ó mú abẹ́rẹ́, ó ń fi bùláńkẹ́ẹ̀tì rán aṣọ fún àwọn obìnrin àtàwọn ọmọ tó sá jáde nínú aṣọ ìsùn. Ọ̀kan nínú àwọn adáná Titanic tó là, Samuel Collins, ló ń bá a wo Frankie. Ó mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀. Wọ́n ní àwọn á fi í ṣe ọmọ ọkọ̀ bíi tàwọn, bó bá lè mu ohun tí àwọn pò: omi, fínígà àti ẹyin tútù odindi. Ó gbé e mì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Láti ọjọ́ náà ló ti ń ka ara rẹ̀ mọ́ wọn. Mo fẹ́ràn ohun tí àwọn ọkùnrin yẹn ṣe ju ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ìtùnú lọ. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù bàbá, wọ́n fún un ní ẹgbẹ́ tó lè pè ní tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n Collins tún sọ ohun kan fún un, ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé bá mi dúró. Ó ní kó má sunkún, pé ó ṣeé ṣe kí bàbá rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ dé New York. Àánú ló sọ ọ̀rọ̀ yẹn, kò sí ìkà kankan nínú rẹ̀. Ọmọ náà sì gbà á gbọ́.

Carpathia gúnlẹ̀ ní New York lálẹ́ 18 oṣù Kẹrin. Wọn ò kó àwọn èrò kíláàsì kẹta lọ sí Ellis Island fún àyẹ̀wò bí wọ́n ṣe ń ṣe fún aṣíkiri. Àwọn Salvation Army gba Emily àti ọmọ rẹ̀ sílé, wọ́n sì san owó ọkọ̀ ojú irin wọn dé Detroit. Bàbá Frankie kò sí níbẹ̀. Ọmọ náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í retí rẹ̀ ní Detroit. Fún ọ̀pọ̀ oṣù ló ń sọ fún ara rẹ̀ pé ọkọ̀ mìíràn ló gbé bàbá òun, pé ọjọ́ kan ni yóò gba ẹnu ọ̀nà wọlé, yóò sì ní, "Báwo ni, Frankie." Ó pẹ́ gan-an kó tó gbà pé kò ní wá.

Àwa náà ní irọ́ yìí nílé wa. Bí ìyá tàbí bàbá ọmọ kékeré bá kú, àwọn àgbà á ní, "Ó lọ sí ìrìnàjò," "Ó wà ní ìlú òyìnbó, yóò ra bàtà bọ̀ fún ẹ." Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣe: ẹni tó kú, èèyàn lè sunkún rẹ̀ tán, ẹni tó lọ sí ìrìnàjò, dídúró dè é ni, ìdúró náà kì í tán. Nígbà tí ọmọ bá wá mọ̀, òkú méjì ló máa sin, ti bàbá rẹ̀ àti ti ìgbàgbọ́ tó ní nínú ẹnu yín. Ti ẹni tí omi gbé tún le jù, nítorí pé kò sí òkú, kò sí ibojì tí ọmọ lè fojú rí. Àwọn baba wa mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Bí èèyàn wọn bá kú sí ọ̀nà jíjìn, wọ́n máa ń mú irun àti èékánná rẹ̀ wálé láti sin, kí àwọn tó kù lè ní ohun kan tí wọ́n sin.

Ohun tó yẹ ká sọ fún ọmọ kò gùn: "Bàbá rẹ ti kú. Omi ló gbé e. Kò ní padà wá. Èmi wà níbí." Kí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ lójoojúmọ́ ló sọ ọ́, kí ó jókòó kí ojú wọn lè ṣe déédéé. Ẹ má ní "ó sùn", ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù oorun. Ọmọ tí kò tíì tó ọdún mẹ́fà lè béèrè lẹ́ẹ̀mẹwàá lọ́sẹ̀ kan náà. Ẹ dá a lóhùn bákan náà lẹ́ẹ̀mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ọ̀nà tó fi ń jẹ ọ̀rọ̀ náà nìyẹn.

Ẹ̀rí pé Frankie kò gbàgbé rèé. Ilé tí òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé ní Detroit sún mọ́ pápá Navin Field, níbi tí ẹgbẹ́ Detroit Tigers ti ń gbá baseball, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi igi gbá. 20 oṣù Kẹrin 1912 ni wọ́n ṣí pápá yẹn, ọjọ́ márùn-ún péré lẹ́yìn tí ọkọ̀ rì. Ó gba òǹwòran bí 23,000. Bí agbábọ́ọ̀lù bá gbá bọ́ọ̀lù náà kọjá ògiri, gbogbo wọn á hó yèè lẹ́ẹ̀kan náà. Ayọ̀ ni fún ẹni tó ń wò. Létí Frankie, igbe àwọn tó ń kú lójú omi ni. Nígbà tó dàgbà tó sì bí ọmọkùnrin mẹ́ta, kò mú wọn lọ wo baseball rí.

Òótọ́ ni pé ojú lè gbàgbé, etí kì í gbàgbé. Bí ọmọ tí omi dá sí bá wà lọ́dọ̀ yín, ẹ wá ìró tó ń dà á láàmú: ó lè jẹ́ ariwo ilé tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù, ó lè jẹ́ ìró ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi tó ń kú tó ń jí, ó lè jẹ́ omi tó ń dà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ má fi agbára mú un lọ síbẹ̀ pé kó baà "mọ́ ọn lára". Ẹ sọ fún un ṣáájú pé ariwo ń bọ̀, ẹ jẹ́ kó mọ ọ̀nà tó lè gbà jáde, ẹ sì jẹ́ kó fọwọ́ dí etí láìsí ẹni tó máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn olùkọ́ gbọ́dọ̀ mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí pé iyàrá ìkàwé ni ariwo ti ń pọ̀. Ọmọ tó sá jáde nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń hó kì í ṣe aláìgbọràn.

Ìgbésí ayé tuntun tó kọ́ kò ní ariwo nínú. Ó gbé Victoria Lawrence níyàwó ní 1926. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó ń ya fọ́tò fún àwọn ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe sójà. Lẹ́yìn náà ni ẹbí rẹ̀ kó lọ sí Mansfield ní Ohio, ó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù tó ń ta ohun èlò fọ́tò yíyà níbẹ̀. Aya, ọmọ mẹ́ta, ṣọ́ọ̀bù kan. Mo ka èyí sí iṣẹ́ ńlá fún ẹni tí irú igbe yẹn wà létí rẹ̀. Nígbà tó ti dàgbà, ó kọ ohun tó rí sílẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ó wà lára ibi tí a ti mọ̀ nípa àwọn ọmọ kíláàsì kẹta.

Ohun kan kù tí mo gbọ́dọ̀ sọ nípa òfin. Ní 20 oṣù Kìíní 1914, àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí àdéhùn ní London pé kí àyè wà nínú ọkọ̀ agbẹ̀mílà fún gbogbo ẹni tó bá wọkọ̀, kí wọ́n máa kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó, kí ẹni kan sì máa gbọ́ ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ tọ̀sán tòru. Àwọn àdéhùn tó rọ́pò rẹ̀ ló ń darí gbogbo ọkọ̀ ńlá tó ń wọ èbúté Àpápá àti Tin Can lónìí. Ọkọ̀ rọ́bà tó ń kó èèyàn kúrò ní etíkun Líbíà kò sí lábẹ́ òfin kankan. Kò sẹ́ni tó ka orí, kò sẹ́ni tó ka àyè. Ọmọ tó bá jáde nínú rẹ̀ láàyè, bó bá padà sí Èkó, Àkúrẹ́ tàbí Ìbàdàn, irú ohun tó wà létí Frankie ló ń gbé bọ̀.

Nítorí náà, Olóòtú, bí oṣù Kẹrin tó ń bọ̀ bá dé, tí ẹ bá tún fẹ́ kọ nípa ọkọ̀ yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ fi àwọn ọmọ kíláàsì kẹta ṣáájú. Ẹ tẹ iye wọn síbẹ̀: 79 ni wọ́n, 52 ló kú. Ẹ sì bá wa yọ "wọ́n á ti gbàgbé" kúrò nínú rẹ̀.

Frank Goldsmith kú ní 27 oṣù Kìíní 1982, ó jẹ́ ẹni ọdún 79. Ní 15 oṣù Kẹrin ọdún náà, wọ́n da eérú rẹ̀ sórí Àtìláńtíìkì ti Àríwá, níbi tí Titanic rì sí. Wọn ò tíì rí àwókù ọkọ̀ náà nígbà yẹn. Ọdún 1985 ni wọ́n rí i. Lọ́jọ́ tí wọ́n da eérú náà, ó ti pé àádọ́rin ọdún géérégé tí bàbá rẹ̀ sọ fún un pé àwọn á ríra tó bá yá.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ni nípa ààbò ojú omi,
Àpápá, Èkó.